Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣọ́ ìtẹ́ idì rí ní ìpínlẹ̀ Maryland ní Amẹ́ríkà, ẹ wá sọ ìrírí yín

Bàbá Àyọ̀ká: Ẹ kú ìkàlẹ̀, ẹ̀yin ará. Ìtẹ́ idì olórí funfun tí èmi ń ṣọ́ wà lórí igi páìnì kan létí odò Patuxent, ìyá sì ti ń sàba láti ìgbà tí yìnyín ṣì wà nílẹ̀. Kí ni ojú tiyín rí?

Ìyá Ìbejì: Ta ló sọ fún yín pé ìyá ni, Bàbá Àyọ̀ká? Takọ tabo ló ń pín in sàba fún nǹkan bí ọjọ́ 35, orí àwọn méjèèjì ló sì funfun.

Bàbá Àyọ̀ká: Abo ló máa ń tóbi jù, ìyá wa. Mo rí wọn níbi tí wọ́n ti ń gbaṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn.

Ìyá Ìbejì: Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ní ti ìtẹ́ tèmi, nígbà tí mo gbé awò sójú ní oṣù Kejì, ohun tó kọ́kọ́ yọ sókè ni etí méjì ṣóńṣó: òwìwí ńlá ti gba ilé onílé, ó jókòó pẹ̀sẹ̀, àwọn idì tó forí ṣe forí ṣe kó igi jọ sì wà lórí ẹ̀ka igi kejì, wọ́n ń wò ó.

Délé: Ajagungbalẹ̀ paraku ni òwìwí yẹn!

Ẹ̀gbọ́n Ṣọlá: Ẹ̀rín kọ́ o. Kí lẹ kọ sínú fọ́ọ̀mù tí a fi ń jábọ̀ ohun tí a rí? Bí ẹ bá kọ ọ́ pé idì ń lo ìtẹ́ náà, irọ́ ti wọ inú ìṣirò nìyẹn.

Ìyá Ìbejì: Mo kọ ọ́ pé tọkọtaya idì wà ní sàkáání, wọn kò yé ẹyin, òwìwí ló wà nínú ìtẹ́. Ohun ọ̀tọ̀ ni kí wọ́n wà níbẹ̀, ohun ọ̀tọ̀ ni kí wọ́n bímọ.

Délé: Ìjọba sọ pé idì olórí funfun tó wà ní Amẹ́ríkà, láìka Alaska mọ́ ọn, lé ní 316,000. Ta ló kà wọ́n?

Ẹ̀gbọ́n Ṣọlá: Kò sẹ́ni tó kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, àbúrò. Ní 2018 àti 2019, wọ́n fi bàálù kékeré yẹ àwọn ilẹ̀ tí wọ́n ṣà wò, wọ́n fi àkọsílẹ̀ àwọn aṣọ́ẹyẹ lórí eBird, ìkànnì tí wọ́n ti ń kọ ẹyẹ tí wọ́n rí sílẹ̀, kún un, wọ́n wá ṣírò ìyókù. Tọkọtaya tí wọ́n mọ̀ ní 1963 kò ju 417 lọ, nítorí pé oògùn apakòkòrò DDT ti sọ èèpo ẹyin wọn di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tó fi jẹ́ pé abẹ́ òbí tó ń sàba ló ti ń fọ́.

Délé: Ìṣirò yẹn ṣì ń kọ mí lóminú.

Adéọlá: Ǹjẹ́ mo lè fi dírónù wo inú ìtẹ́ tèmi?

Bàbá Àyọ̀ká: Rárá o! Òfin ààbò idì ti ọdún 1940 kò gba ẹnikẹ́ni láyè láti yọ wọ́n lẹ́nu, bí òbí bá sì fò dìde nínú òtútù, ẹyin á kú. Dúró sójú títì, kí o sì tètè lọ kí ewé tó hù.