Bàbá fi fọ́tò ìsápá ránṣẹ́: báwo ni kí n ṣe sọ ibi tó kù sí?

Àdùkẹ́_Ìbarà

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, gbogbo ilé.

Àwa kan wà ní Abẹ́òkúta níbí tí a jọ ń ya òdòdó, ewéko àti kòkòrò. Kò sẹ́ni tó ń fi jẹun nínú wa: nọ́ọ̀sì ni mí, ẹnìkan ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú, àwọn mìíràn ti fẹ̀yìn tì. Láàárọ̀ Sátidé a máa ń jáde, nígbà mìíràn sí ẹ̀bá Olúmọ, nígbà mìíràn sí etí Odò Ògùn. Tó bá dalẹ́, kálukú á kó tiẹ̀ sórí WhatsApp.

Fọ́tò yòówù kó dé, èsì kan náà ni. "Ó rẹwà gan-an." "Ẹ kú iṣẹ́." Àtẹ́wọ́, iná, àtẹ́wọ́. Ẹni tí tiẹ̀ ṣe bàìbàì gba iná. Ẹni tó jí ní kùtù, tó dọ̀bálẹ̀ nínú ìrì nítorí labalábá, iná náà ni wọ́n fún un.

Ní báyìí, bàbá kan láàárín wa, wọ́n dàgbà ju bàbá mi lọ, fi fọ́tò ìsápá ẹ̀yìnkùlé wọn ránṣẹ́. Ọ̀sán gangan ni wọ́n yà á. Oòrùn ti fọ òdòdó náà funfun débi pé a kò rí àwọn ìlà ara rẹ̀ mọ́, ike omi aláwọ̀ búlúù kan sì jókòó gbàgà sẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n wá bi mí níṣojú gbogbo wa: "Àdùkẹ́, báwo lo ṣe rí i?" Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n dé láti ibi iṣẹ́ kí n fara balẹ̀ wò ó. Wọ́n ṣì ń retí mi.

Ẹ jọ̀ọ́, èmi tí wọ́n bí lọ́mọ, báwo ni kí n ṣe sọ ọ́ tí wọn kò fi ní rò pé mo rí wọn fín, tí n kò sì ní parọ́?

Sánmọ̀rí

Àǹtí Àdùkẹ́, ẹ sọ ọ́ bó ṣe rí. Ẹni tí kò fẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀ sí fọ́tò òun, kó fi sínú fóònù ẹ̀. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ fọ́tò kì í bẹ èèyàn. Tí kò bá dáa, á pa á rẹ́ lójú ẹ ni. Mo sì mọ̀ ọ́n yà lónìí.

Tíṣà_Aké

Sánmọ̀rí, ọ̀gá ẹ gbowó iṣẹ́ lọ́wọ́ òbí ẹ kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í pa fọ́tò rẹ́. Ta ló sanwó fún Àdùkẹ́?

Bàólójì ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ títí mo fi fẹ̀yìn tì, mo sì máa ń ní kí wọ́n ya òdòdó sínú ìwé. Ohun tí ojú mi rí ni mo máa ń kọ́kọ́ sọ, kí n tó sọ èrò mi. Bí àpẹẹrẹ: "Bàbá, orí ike búlúù yẹn ni ojú mi kọ́kọ́ lọ kó tó dé orí òdòdó." Kò sí èébú níbẹ̀. Ojú ara ẹ lò ń ròyìn, o kò sọ pé wọn kò mọ̀ ọ́n yà. Wọ́n á tún fọ́tò náà wò, wọ́n á rí ike fúnra wọn, ó tán.

Lẹ́yìn náà, bi wọ́n ní ohun tí wọ́n ń wá. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ kì í bèèrè, ẹ kàn máa ń sọ pé "ẹ gé ẹ̀yìn ẹ̀ kúrò." Mo wà níbì kan tí wọ́n ti sọ bẹ́ẹ̀ fún obìnrin kan tó ya òdòdó lílì. Ojú oórì ìyá rẹ̀ ló wà lẹ́yìn òdòdó náà. Òun ló tìtorí ẹ̀ yà á. Ó lè jẹ́ ẹ̀yìnkùlé ni Bàbá fẹ́ fi han ọmọ wọn tó wà lókè òkun, kí wọ́n lè rí i pé ìsápá tí wọ́n jọ gbìn ti so. Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ike yẹn kò ṣẹ ẹnikẹ́ni.

Tó bá jẹ́ òdòdó gan-an ni wọ́n ń lé, ẹyọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni kó o mú, kó sì jẹ́ èyí tí kò ní ná wọn lówó. Má bá mi dárúkọ lẹ́ǹsì fún ẹni tó ń gba owó ìfẹ̀yìntì. Má sì sọ pé kí wọ́n padà sídìí òdòdó yẹn lọ́la, torí òdòdó ìsápá kì í ju ọjọ́ kan lọ kó tó ká kò. Òmíràn tó ń bọ̀ lára igi kan náà ni kí wọ́n máa ṣọ́.

Ti oòrùn: òdòdó ìsápá fẹ́lẹ́, àwọ̀ ìyeyè fẹ́ẹ́rẹ́ ni, inú rẹ̀ ló pọ́n dúdú. Ohun tó bá ti mọ́lẹ̀ báyẹn, fóònù kì í tètè mọ ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ tó yẹ ẹ́. Kí Bàbá fi ìka tẹ ara òdòdó náà lójú fóònù, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ díẹ̀ títí á fi dúró, kí wọ́n wá fa ìka wálẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ dín kù. Ibi tó bá ṣókùnkùn díẹ̀ ṣeé tún ṣe nílé. Ibi tó bá ti funfun pátápátá kò ní àtúnṣe. Tó bá sì di dandan kí wọ́n yà á lọ́sàn-án, kí ọmọdé kan bá wọn fi agbòòrùn ṣíji bò ó, àmọ́ kó má jẹ́ agbòòrùn pupa, torí á kó àwọ̀ rẹ̀ ran òdòdó.

Ìyìn ńkọ́? Yìn wọ́n, ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú fọ́tò ni kó o yìn. Bí àgbàlagbà tí orúnkún ń dùn bá bẹ̀rẹ̀ kí kámẹ́rà lè bá òdòdó dọ́gba, nǹkan ńlá ló ṣe. Dárúkọ rẹ̀. "Ó rẹwà" kò sọ nǹkan kan fún un.

Ọmọ_Alábàtà

Ẹ ṣeun, Tíṣà. Ẹ jẹ́ kí n fi díẹ̀ kún un. Kí ẹnikẹ́ni tó sọ pé fọ́tò ẹlòmíì ṣe bàìbàì, kó kọ́kọ́ ní kí wọ́n tún un fi ránṣẹ́ bíi document. WhatsApp máa ń fún fọ́tò pọ̀ kó tó gbé e lọ, ìlà wẹ́wẹ́ tó wà lára òdòdó ló sì kọ́kọ́ máa ń sọnù. Ọ̀pọ̀ ìgbà tí a rò pé ọwọ́ ló gbọ̀n, ọwọ́ kò gbọ̀n rárá.

Ẹ sì mọ ewéko kẹ́ ẹ tó sọ̀rọ̀. Ọ̀rẹ́ mi ya òṣíbàtà tó ń pa ara dé lójú omi, ẹnìkan ní ó yẹ kó dúró títí á fi là dáadáa. Ẹ gbà mí! Alẹ́ ni òṣíbàtà tiwa yẹn ń là, tí oòrùn bá ti ń mú á padé. Yóò dúró títí di alẹ́ ni?

Àgbà_Oníkámẹ́rà

Mo ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún, ẹ jẹ́ kí n gbẹnu sọ fún àwa tí ẹ̀ ń bẹ̀rù. Ohun tó ń dùn wá ni pé kí a bi èèyàn léèrè, kó fi àtẹ́wọ́ dá wa lóhùn. Bàbá béèrè lójú gbogbo ayé, ojú gbogbo ayé náà ni kó o ti dáhùn. Má pè wọ́n sí kọ̀rọ̀ bí ẹni tó jí ẹran. Àwọn tó kù náà á rí nǹkan kọ́.

Tíṣà_Aké

Mo fara mọ́ ti Àgbà. Tí wọn kò bá béèrè ni mo lè ní kó o pè wọ́n.

Àdùkẹ́_Ìbarà

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin àgbà. Ohun tí mo kọ nìyí, mi ò tíì fi ránṣẹ́:

"Bàbá, mo ti fara balẹ̀ wo ìsápá yín. Mo rí i pé ẹ bẹ̀rẹ̀ dé ìwọ̀n òdòdó náà, ìdí nìyẹn tí inú rẹ̀ fi kọjú sí wa. Orí ike búlúù ẹ̀yìn ni ojú mi kọ́kọ́ lọ. Ṣé ẹ fẹ́ kó wà níbẹ̀ ni, sà? Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, tẹ́ ẹ bá sún sí ọ̀tún díẹ̀, ewé á bò ó. Oòrùn náà sì ti pọ̀ jù lára rẹ̀, àárọ̀ ni kẹ́ ẹ máa yà á."

Tíṣà_Aké

Yọ ti oòrùn kúrò, ó di òdòdó tó ń bọ̀. Kí ló sì dé tí o kò kí Bàbá kó o tó bẹ̀rẹ̀?