Oníbàárà mi ní Jàpáànù ní àwọn á "gbé e yẹ̀wò". Ṣé ó ti kọ̀ ni?

Ìyá Olórìí (27 oṣù kẹrin)
Ẹ kú iṣẹ́ o. Òrí ni mò ń tà. Ọwọ́ àwọn ìyá Ṣakí ni mo ti ń rà á, mo sì ń dì í n'Ìbàdàn. Lóṣù kejì, iléeṣẹ́ ọlọ́ṣẹ kan ní Osaka ní kí n fi kílò 5 ránṣẹ́ kí àwọn fi dán an wò. Wọ́n yìn ín gan-an. Wọ́n béèrè bí a ṣe ń fọ èso emi, wọ́n tún béèrè irú àpò tí a fi ń kó o. Mo wá kọ iye kílò 200 sí wọn. Èsì tó dé ni "kentō shimasu", pé àwọn á gbé e yẹ̀wò. Ọ̀sẹ̀ 6 rèé, kẹ́kẹ́ pa. Nínú lẹ́tà mi kẹta mo ní: "Ṣé ẹ máa rà á ni àbí ẹ ò rà á?" Mo sì ti sanwó fún àwọn ìyá Ṣakí.

Àlàbí Nagoya
Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ọdún 9 ni mo fi ṣiṣẹ́ níbẹ̀, níbi tí wọ́n ti ń ṣe ẹ̀yà ọkọ̀. Lóòótọ́, wọ́n máa ń fi ọ̀rọ̀ yẹn kọ nǹkan láìsọ ọ́ síni lójú. Ṣùgbọ́n ẹni tó fẹ́ kọ̀ kì í béèrè àpò. Ìwé yín ṣì ń rìn ni. Ringi ni wọ́n ń pè é: ìwé kan á máa ti ọwọ́ ọ̀gá kan bọ́ sọ́wọ́ òmíràn, kálukú á lu òǹtẹ̀ tirẹ̀. Kí ìwé náà tó jáde rárá, wọ́n á ti bá olúkúlùkù sọ ọ́ ní kọ̀rọ̀. Ẹni tó ń kọ̀wé sí yín ò lè dá a sọ. Lẹ́tà kẹta yẹn ló ká mi lára, torí pé ẹ ti há a mọ́gun. Ọjọ́ 1 oṣù kẹrin náà ni ọdún ìṣúná wọn máa ń bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì máa ń ṣí òṣìṣẹ́ nípò. Ìsinmi ńlá wọn ń bọ̀ lọ́tùn-únla, ó di ẹ̀yìn ọjọ́ 5 oṣù karùn-ún. Ẹ bi í pé ìwé wo ló kù tí àwọn ọ̀gá rẹ̀ máa fẹ́ rí.

Àdùkẹ́ Aláṣọ
Àwa náà ń ṣe é, mà. Tẹ́nì kan bá wá yáwó lọ́wọ́ wa tí a ò fẹ́ yá a, ṣebí "ẹ jẹ́ ká máa wò ó" la ń wí? Ẹ má fi gbogbo ọjà dè wọ́n o.

Ìyá Olórìí
Ẹ ṣé gan-an. Mo ti kọ ọ́: mo bẹ̀ ẹ́ fún lẹ́tà ọjọ́sí, mo sì béèrè ìwé tó kù. Wákàtí 8 ni wọ́n fi ṣíwájú wa, aago 1 òru ni mo fi í ránṣẹ́ kó lè bá a níbi iṣẹ́ láàárọ̀. Kílò 80 ń lọ sí Bódìjà lọ́la.