Ẹ̀yin tí ẹ ń tẹ pìánò lórí ìtàgé, kí lojú yín rí?

Ìka_Mẹ́wàá: Ẹ kú ìjókòó o. Aṣọ dúdú àti àtẹ́wọ́ ni àwọn òǹwòran ń rí. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi pìánò orin àtijọ́ jẹun, tàbí tí ẹ ti fi í jẹun rí, ẹ sọ tiyín. Kì í ṣe ìtàn ilé ẹ̀kọ́ o, iṣẹ́ gan-an ni mò ń bi yín.

Ọ̀nà_Jìn: Onífayolíìnì á gbé fayolíìnì rẹ̀ kọ́ èjìká wọlé. Èmi, ọwọ́ òfo ni mo fi ń dé, pìánò tí mo bá bá níbẹ̀ náà ni màá lò. Wọ́n pè mí síbì kan, kíì kan, ọ̀kan nínú àwọn igi tí ìka ń tẹ̀, wà láàárín, tí mo bá ti tẹ̀ ẹ́, á wọlẹ̀ lọ, kò ní gbérí mọ́ àfi tí mo bá fi ìka hú u. Ballade, orin pìánò kan tí Chopin kọ, ni mo fẹ́ ṣe, kíì yẹn ò sì wọ́n nínú ẹ̀! Mo pe ẹni tó gbà mí síbẹ̀ kó wá wò ó. Ó ní, "Àwọn ọmọ ń lò ó dáadáa." Mo bá jókòó. Gbogbo ìgbà tí mo bá tẹ̀ ẹ́, ọwọ́ kejì á sáré wá gbé e dìde. Nígbà tí mo parí, màmá kan wá bá mi pé bí mo ṣe ń ju ọwọ́ yẹn wu òun púpọ̀.

Ìyá_Olórin: "Àwọn ọmọ ń lò ó dáadáa" 😂😂😂

Tèmi_Yàtọ̀: Hmm. Ballade wo ló fún ọwọ́ kejì láyè láti máa hú kíì?

Ọ̀nà_Jìn: Níbi tó bá rọra lọ ni, ọ̀gá mi. Níbi tó ti ń sáré, mo gbójú kúrò lára kíì yẹn. Chopin á dárí jì mí.

Baba_Dùùrù: Àbúrò, irú ẹ̀ ni Horowitz, ògbóǹtarìgì atẹpìánò, ò fẹ́ rí tó fi gbé pìánò Steinway tirẹ̀ lọ sí Moscow lọ́dún 1986. Michelangeli, atẹpìánò bíi tirẹ̀, náà ń gbé tirẹ̀ kiri. Bí nǹkan ò bá sì tẹ́ ẹ lọ́rùn, á fagi lé eré, ẹ máa lọ sílé.

Ọ̀nà_Jìn: Ẹ̀gbọ́n, Horowitz ń gbé pìánò wọ bàálù, èmi ń san owó ẹrù lórí bàtà.

Ọwọ́_Kékeré: Kíì tó há lẹ ń sọ, tèmi ni kíì tó fẹ̀. Láti kíì kan dé ìkẹjọ rẹ̀, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 16.5 ni lórí ọ̀pọ̀ jù lọ pìánò, bóyá ọwọ́ ẹ tóbi ni o, bóyá ó kéré ni o. Rachmaninoff tí ọwọ́ rẹ̀ gùn rẹpẹtẹ kọ orin sílẹ̀ fún irú ọwọ́ tirẹ̀, wọ́n wá gbé e fún mi. Ó dé ibi tí ìrora ń gùn mí dé ìgbúnwọ́. Olùkọ́ ní kí n ṣe sùúrù, ọwọ́ á là. Àgbàlagbà ni mí! Egungun wo ló tún fẹ́ là? Josef Hofmann, ọkùnrin tó lókìkí, Steinway ṣe pìánò oníkíì tóóró fún un. Ta ló ṣe é fún wa?

Baba_Dùùrù: Má bínú o, ọgbọ́n ọwọ́ ni, kì í ṣe títóbi. Alicia de Larrocha, obìnrin atẹpìánò, kúrú, ọwọ́ rẹ̀ kéré, ó sì tẹ concerto (orin pìánò pẹ̀lú ọ́kẹ́sítírà) kẹta Rachmaninoff.

Ọwọ́_Kékeré: Bàbá, ọwọ́ rẹ̀ kéré lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó nà dé kíì kẹwàá. Èmi ò dé ìkẹsàn-án. Gbogbo ìgbà ni wọ́n máa ń fi màmá yẹn pa wá lẹ́nu mọ́.

Ìyá_Olórin: Sọ fún wọn!

Eléwé_Orin: Ẹ má fi ìrora ṣeré o. Leon Fleisher, láàárín àwọn ọdún 1960, ìka méjì lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ká wọnú. Kì í kàn ṣe àárẹ̀, ọpọlọ ló ń rán iṣẹ́ òdì sí ọwọ́. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ń tẹ orin ọwọ́ òsì nìkan, ó sì ń darí ọ́kẹ́sítírà, kí ọwọ́ ọ̀tún tó padà bọ̀ sípò díẹ̀.

Tèmi_Yàtọ̀: Orin ọwọ́ òsì kẹ̀? Ọpẹ́lọpẹ́ Wittgenstein, atẹpìánò tí ogun gba apá ọ̀tún lọ́wọ́ rẹ̀, tó sì ní owó láti bẹ àwọn tó ń kọ orin sílẹ̀ níṣẹ́. Ravel kọ concerto fún un, Wittgenstein tún ń yí i padà! Prokofiev kọ tirẹ̀, Wittgenstein ò tẹ̀ ẹ́ rárá. Alágídí.

Baba_Dùùrù: Ẹni tó sanwó ló ni orin.

Tèmi_Yàtọ̀: Háà! Ravel ò gbà bẹ́ẹ̀ o, ìjà ni wọ́n jà.

Eléwé_Orin: Àkọ́sórí gan-an ló ń lé oorun lójú mi. Láàárín àwọn ọdún 1990, ní Amsterdam, atẹpìánò Maria João Pires jókòó, ọ́kẹ́sítírà bẹ̀rẹ̀ concerto Mozart kan, òmíràn ló wà lọ́kàn ẹ̀. Ẹ wo ojú ẹ̀ nínú fídíò. Ó sì tẹ̀ ẹ́ délẹ̀! Èmi? Màá ti dákú.

Ìyá_Olórin: Ta ló tiẹ̀ ní ká máa kọ́ ọ sórí?

Baba_Dùùrù: Clara Schumann, atẹpìánò ayé àtijọ́, wà lára àwọn tó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Nígbà yẹn, ìgbéraga làwọn kan kà á sí. Lónìí, bó o bá gbé ìwé jáde, wọ́n á ní o ò múra sílẹ̀. Richter, atẹpìánò ńlá, gbé ìwé síwájú nígbà tó dàgbà, ó pa iná gbọ̀ngàn, ó fi àtùpà kékeré kan sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ta ló bá a wí?

Ọwọ́_Kékeré: Ẹ kọ́kọ́ di Richter ná.

Ọ̀nà_Jìn: Ìwé náà ní wàhálà tiẹ̀. Aṣíwèé, ẹni tó ń bá mi ṣí ojú ìwé orin, tí wọ́n fún mi nígbà kan gbádùn orin ju èmi lọ. Mo mi orí sí i kó ṣí ìwé, òun náà rẹ́rìn-ín, ó mi orí padà sí mi.

Ìyá_Olórin: Mo kú 😂 Tablet ni kẹ́ ẹ máa lò, kẹ́ ẹ fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ kó ṣí ìwé.

Eléwé_Orin: Ẹsẹ̀ wo? Ẹsẹ̀ méjèèjì wà lórí pẹ́dà pìánò.

Ìyá_Olórin: Ti òsì kì í ṣiṣẹ́ púpọ̀ kẹ̀.

Baba_Dùùrù: Èyí tó sọ pé ẹsẹ̀ òsì ò ṣiṣẹ́, kó wá tẹ orin Debussy níwájú mi.