"Pàtàkì" kọ́ ni àyẹ̀wò-t ń wá

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, mo kí yín. Nínú àkójọ ọ̀rọ̀ ìṣirò tí Ọ̀jọ̀gbọ́n fi ránṣẹ́ lánàá, wọ́n pe ìpíndọ́gba ("mean") ní "iye àárín", wọ́n sì pe ìyàtọ̀ tí àyẹ̀wò-t (ìṣirò tí a fi ń wò ó bóyá ìyàtọ̀ láàárín ìpíndọ́gba méjì lè jẹ́ èèṣì) bá fọwọ́ sí, "significant difference", ní "ìyàtọ̀ pàtàkì". Ọ̀wọ̀ wọn ń bẹ lára mi, ṣùgbọ́n n kò lè gba "pàtàkì" yẹn wọlé.

Ẹ jẹ́ kí a lo àpẹẹrẹ tí Gosset, òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ ọtí Guinness ní Dublin, lò ní 1908 nínú iṣẹ́ tó fi orúkọ "Student" tẹ̀ jáde. Aláìsàn mẹ́wàá ló lo oògùn oorun méjì, a sì mọ iye wákàtí tí oògùn kọ̀ọ̀kan fi kún oorun wọn. Ìpíndọ́gba ti àkọ́kọ́ jẹ́ 0.75, ti èkejì 2.33, ìyàtọ̀ wọn jẹ́ 1.58. Bóyá wákàtí kan ààbọ̀ ṣe pàtàkì fún ẹni tí kò rí oorun sùn, aláìsàn àti dókítà rẹ̀ ni yóò sọ ìyẹn. Ohun tí àyẹ̀wò náà ń béèrè ni pé, bí oògùn méjèèjì bá dọ́gba ní tòótọ́, ṣé irú ìyàtọ̀ yìí lè ṣèèṣì wáyé láàárín ènìyàn mẹ́wàá péré? A fi 0.389, tí í ṣe òṣùwọ̀n bí ìyàtọ̀ náà ṣe lè yẹ̀, pín 1.58, a sì rí 4.06, tó kọjá ààlà 2.26 tí a máa ń lò bí a bá fàyè gba èèṣì ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún.

Ṣùgbọ́n bí a bá ṣírò nọ́ńbà kan náà bí ẹni pé ọ̀tọ̀ ni mẹ́wàá tó lo oògùn kọ̀ọ̀kan, 1.86 ni a óò rí, kò sì ní dé ààlà tirẹ̀. Ìyàtọ̀ 1.58 kò yí padà rárá; òṣùwọ̀n bí ó ṣe lè yẹ̀ ló yí padà.

Ìdí nìyí tí mo fi dábàá "ìyàtọ̀ tó ju èèṣì lọ". Ẹnì kan fẹ́ "tí kì í ṣe èèṣì", ṣùgbọ́n "kì í ṣe" ti dájọ́ tán, nígbà tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ìwọ̀n ni "ju…lọ", ìwọ̀n sì ni iṣẹ́ àyẹ̀wò yìí. Ẹlòmíràn ní èèṣì yóò dàrú mọ́ èsì. Ẹni tó bá ń fi àmì sábẹ́ ọ̀rọ̀ bí àwọn olùkọ́ wa àtijọ́ ti kọ́ wa kò ní ṣì wọ́n kà.

Ní ti "iye àárín", bí a bá to nọ́ńbà oògùn àkọ́kọ́ láti kékeré dé ńlá, 0.35 ló wà láàárín, kì í ṣe 0.75 tí í ṣe ìpíndọ́gba. "Pín" tó wà nínú ìpíndọ́gba ti sọ iṣẹ́ tí a ṣe: a kó wọn jọ, a pín wọn dọ́gba.

Ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ jọ̀wọ́, kí ni ẹ óò pe 1.58 kan náà nígbà tí ìṣirò kejì bá fún wa ní 1.86: ṣé ìyàtọ̀ tí kò ṣe pàtàkì mọ́ ni?