Ṣé àwọn olóṣèlú wa yóò ti adójútòfò ìlera gbogbogbòò lẹ́yìn?

Ọmọ Ìkẹ́rẹ́:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará Èkìtì. Òfin tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ní oṣù Karùn-ún ọdún 2022 sọ adójútòfò ìlera, ìyẹn owó tí a ń dá sílẹ̀ kí a lè fi rí ìtọ́jú gbà nígbà àìsàn, di dandan fún gbogbo olùgbé Nàìjíríà. Kí ló wá dé tí àwọn tó ń tọrọ ìbò lọ́wọ́ wa kò fi lè sọ ní pàtó bóyá àwọn fara mọ́ ọn?

Àgbẹ̀ Ìjerò:
Owó ni. Ó rọrùn láti yọ ti òṣìṣẹ́ ìjọba nínú owó oṣù rẹ̀, ṣùgbọ́n èmi tí mò ń gbin iṣu, tí owó mi kì í wọlé àfi lẹ́yìn ìkórè, ta ni yóò yọ tèmi, láti ibo sì ni? Òfin náà dá àpò kan sílẹ̀ fún àwọn aláìní. Ẹni tí kò bá fẹ́ sọ iye tí òun yóò fi sínú irú àpò bẹ́ẹ̀, ẹnu lásán ló ń fọ́n.

Ìyá Adó:
Òótọ́ lẹ sọ, bàbá. Títì tí a dá ọ̀dà sí ṣeé ya fọ́tò, adójútòfò kò ṣeé yà. Síbẹ̀, káàdì adójútòfò nìkan kò tó. Mo gbé ọmọ mi lọ sí ilé ìtọ́jú kan pẹ̀lú káàdì rẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n ní kí n lọ ra oògùn níta.

Ọmọ Ìkẹ́rẹ́:
Ẹ ṣeun, mà. Èmi yóò bi wọ́n léèrè oògùn náà pẹ̀lú.