Bájì radiation fún àwa tá à ń ṣe agency ní theatre

Ọmọ Ìsẹ́yìn, Birmingham
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Nọ́ọ̀sì theatre (yàrá iṣẹ́ abẹ) ni mí, agency ló ń rán mi lọ sí ọsibítù méjì. Iṣẹ́ eegun ni wọ́n ń ṣe níbi méjèèjì, C-arm, ẹ̀rọ x-ray tó tẹ̀ bíi lẹ́tà C, kì í sinmi. Níbi àkọ́kọ́, wọ́n fún mi ní bájì tó ń ka ìtànṣán (radiation) tó bá kàn mí. Níbi kejì, wọ́n ní kí n so ti ẹnì kan tó lọ ìsinmi mọ́ra, pé bájì ni bájì ń jẹ́. Ọkàn mi ò gbà á. Kí ni kí n ṣe?

Ìyá Ìbejì, Leeds
Àbúrò, má so bájì ẹlòmíì mọ́ra o. Iye tó bá kàn ọ́ á wọ inú ìwé rẹ̀, tìẹ á wà lófìfo. IRR 2017, òfin ìtànṣán ti ibí yìí ní UK, ní ìtànṣán tó ń kan òṣìṣẹ́ kò gbọdọ̀ ju 20 mSv (millisievert, ohun tá a fi ń wọn ìtànṣán) lọ lọ́dún, àpapọ̀ gbogbo ibi tó ti ṣiṣẹ́ sì ni. Ta ló máa rò ó pọ̀ tí ìdajì rẹ̀ bá wà lórúkọ ẹlòmíì?

Orúkọ Radiation Protection Supervisor, ẹni tó ń bójú tó ààbò lọ́wọ́ ìtànṣán, wà nínú local rules (ìwé ìlànà ààbò) wọn. Òun ni kó o kọ email sí, kó o fi ẹ̀dà ránṣẹ́ sí agency. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó wọ theatre ni wọ́n ń fún ní bájì. Tí wọ́n bá ní o ò nílò rẹ̀, ní kí wọ́n fi risk assessment (àyẹ̀wò ewu) tí wọ́n fi pinnu bẹ́ẹ̀ hàn ọ́.

Ohun tó ń ká mi lára jù nìyí: bájì kì í dáàbò bo ẹnikẹ́ni. Ohun tó ti kàn ọ́ tán ló ń kà. Ara aláìsàn ni èyí tó pọ̀ jù nínú ìtànṣán tó ń bá wa ti ń tú jáde, nítorí náà jíjìnnà ni. Tó o bá sún láti ìdajì mítà sí mítà kan, ohun tó ń kàn ọ́ á dín kù sí bí ìdá mẹ́rin. Tí dókítà bá ti ní kí wọ́n ya fọ́tò, tí ọwọ́ rẹ ò sì sí lẹ́nu iṣẹ́, sún sẹ́yìn. Tí wọ́n bá gbé C-arm sí ẹ̀gbẹ́, lọ dúró níhà ibi tó ń gba àwòrán. Ìhà tí x-ray ti ń jáde ló le jù.

Bọ̀dá Déjì, Houston
Ìyá Ìbejì, ẹ ṣeun gan-an. Ẹ jẹ́ kí n fi ti épírọ́ọ̀nù olójé kún un. Ọ̀pọ̀ wọn ò bo ẹ̀yìn. Mo máa ń rí nọ́ọ̀sì tó yíjú sí tábìlì láti mú abẹ́rẹ́, tí x-ray sì ń lọ lọ́wọ́: ẹ̀yìn lásán ló kọ sí i! Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rìn, tàbí kẹ́ ẹ dúró kí wọ́n gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí pẹ́dàlì. Tẹ́ ẹ bá bọ́ épírọ́ọ̀nù náà, ẹ fi kọ́, ẹ má ká a. Òjé inú rẹ̀ máa ń sán, aṣọ òkè á ṣì máa dán. X-ray nìkan ló ń tú u fó.

Ìyàwó Àkúrẹ́, Manchester
Ẹ jọ̀ọ́, mo ti lóyún. Mi ò tíì sọ fún mánéjà, ẹ̀rù ń bà mí kí wọ́n má gé shift mi.

Ìyá Ìbejì, Leeds
Ọlọ́run á sọ ẹ́ kalẹ̀ láyọ̀. Kọ ọ́ sí wọn lónìí, má fẹnu sọ ọ́ lásán. Ọjọ́ tí wọ́n bá gba ìwé rẹ lọ́wọ́ ni òfin tó dáàbò bo ọmọ inú bẹ̀rẹ̀: kò gbọdọ̀ ju 1 mSv lọ títí o ó fi bímọ. Kò túmọ̀ sí pé kó o fi iṣẹ́ sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ wa ṣiṣẹ́ títí di ìgbà ìsinmi ìbímọ, a kàn yí ibi tá a ń dúró sí àti rósítà padà ni.

Bọ̀dá Déjì, Houston
Ní Amẹ́ríkà níbí, 5 mSv ni fún gbogbo oyún náà. Ìwọ náà lo máa kọ̀wé kó tó bẹ̀rẹ̀.

Ọmọ Ìsẹ́yìn, Birmingham
Mo ti kọ email méjèèjì. Ṣé kí n gbé bájì ibi àkọ́kọ́ lọ sí ibi kejì kí tèmi tó dé?

Ìyá Ìbejì, Leeds
Rárá o, àfi tí àwọn méjèèjì bá mọ̀ sí i. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ibi àkọ́kọ́ á rò pé theatre tiwọn ló ti kàn ọ́.