Ìdíkọ̀ ni mo fara mọ́: lórí orúkọ tó yẹ pápákọ̀ tí ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú fi ṣe ìdí

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ojúgbà mi nínú iṣẹ́ èdè, mo kí yín láti Ìkòròdú.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní àdúgbò wa níbí ló dá ọ̀rọ̀ tí a ń fà yìí sílẹ̀. Ó máa ń fi kọ̀ǹpútà rẹ̀ wa ọkọ̀ òfurufú pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó wà káàkiri ayé. Wọ́n dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tó ní orúkọ, tó ní àwọ̀ tí wọ́n ń kùn sára ọkọ̀, tó ní àtòkọ ìrìn-àjò àti ipò awakọ̀ gẹ́gẹ́ bí ilé-iṣẹ́ gidi, wọ́n sì fi Pápákọ̀ Òfurufú Murtala Muhammed tó wà ní Ìkẹjà ṣe ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní hub. Ó fẹ́ kọ ìkéde ẹgbẹ́ náà ní Yorùbá, ó sì bi mí pé kí ni kí òun pe ibẹ̀. Nígbà tí mo gbé ìbéèrè náà síwájú yín, ẹnì kan ní ‘ojúkò’, ẹnì kan ní ‘èbúté’, ẹni kẹta sì ní kí a kúkú lo ‘ibùdókọ̀’ tó ti wà nílẹ̀. Ẹni kẹta yìí náà ló pe irú ilé-iṣẹ́ orí kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀, tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní virtual airline, ní ‘ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú ayédèrú’. N kò fara mọ́ ìkankan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ sì jẹ́ kí n ro ẹjọ́ mi.

Inú ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti mú ọ̀rọ̀ tiwọn: àárín gbùngbùn tí gbogbo wáyà ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ti so pọ̀ ni. Iṣẹ́ tí irú pápákọ̀ bẹ́ẹ̀ ń ṣe kò ṣòroó yé. Bí ìlú mẹ́wàá bá wà, tí ilé-iṣẹ́ kan sì fẹ́ kí ọkọ̀ máa lọ tààrà láti inú ọ̀kọ̀ọ̀kan sí gbogbo àwọn yòókù, ojú ọ̀nà 45 ni yóò máa ná. Bí ó bá sọ ọ̀kan nínú ìlú mẹ́wàá náà di ibi tí èrò yóò ti máa pààrọ̀ ọkọ̀, ojú ọ̀nà 9 péré ti tó. Bẹ́ẹ̀ ni Delta, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú Amẹ́ríkà, ń ṣe ní Atlanta, bẹ́ẹ̀ sì ni Ethiopian Airlines ń ṣe ní Addis Ababa: ẹni tó bá wọ ọkọ̀ wọn ní Èkó, tó ń lọ sí Nairobi, Addis Ababa ni yóò ti sọ̀ kalẹ̀ kí ó tó wọ òmíràn. Wọ́n a ṣètò kí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ balẹ̀ láàárín àkókò tí kò jìnnà síra wọn, kí èrò ráyè pààrọ̀, kí àwọn ọkọ̀ náà tó tún gbéra lọ́wọ̀ọ̀wọ́.

Àwa ará Ìkòròdú kò ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ irú ètò yìí. Ẹni tó ti Ìjẹ̀dẹ́ bọ̀, tó ń lọ sí Ṣàgámù, kì í retí ọkọ̀ tí yóò gbé e lọ tààrà. Ìdíkọ̀ Ìkòròdú ni yóò ti sọ̀, ibẹ̀ ni yóò ti gbọ́ igbe ‘Ṣàgámù, Ṣàgámù’, tí yóò sì wọ ọkọ̀ mìíràn.

Ẹ jẹ́ kí n wá mú àwọn àbá náà wò. ‘Ojúkò’ dára létí, ṣùgbọ́n kò sí ọkọ̀ nínú rẹ̀. Bí akọ̀ròyìn bá kọ ọ́ pé Atlanta ni ojúkò Delta, òǹkàwé yóò rò pé olú ilé-iṣẹ́ ló ń sọ, nítorí ó ṣẹlẹ̀ pé ibẹ̀ náà ni olú ilé-iṣẹ́ Delta wà. Ṣùgbọ́n Delta ń pààrọ̀ èrò bẹ́ẹ̀ ní Detroit, ní Minneapolis àti ní Salt Lake City pẹ̀lú. Bí ohun kan bá ní ojúkò mẹ́rin, mi ò mọ èyí tó jẹ́ ojúkò níbẹ̀.

‘Èbúté’ ló dùn mí jù láti kọ̀, nítorí ọmọ etí ọ̀sà ni mí. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ bí a ṣe ń lo ọ̀rọ̀ náà nínú àdúrà: a ní kí Ọlọ́run mú wa gúnlẹ̀ sí èbúté ayọ̀. Ibi tí ìrìn-àjò parí sí ni èbúté lọ́kàn wa, ibi tí a ti ń dúpẹ́. Ẹni tó sọ̀ ní Addis Ababa kò tíì gúnlẹ̀. Ẹrù rẹ̀ ṣì ń lọ, òun náà ṣì ń lọ. Ọ̀rọ̀ tó ń kéde pé a ti dé kò lè jẹ́ orúkọ ibi tí a ti ń pààrọ̀ ọkọ̀.

Ní ti ‘ibùdókọ̀’, ibi gbogbo tí ọkọ̀ bá ti ń dúró ni. Láti Mile 12 títí dé ìlú wa, ibùdókọ̀ pọ̀ lójú ọ̀nà, kọ̀ńdọ́kítọ̀ a sì máa pè wọ́n ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọkọ̀ a já èrò kan, a sì kọjá lọ. Gbogbo pápákọ̀ ayé ni ibùdókọ̀ ní ọ̀nà bẹ́ẹ̀, ohun tí a sì ń wá orúkọ fún kì í ṣe gbogbo pápákọ̀.

Kókó ọ̀rọ̀ mi gan-an nìyí. Ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní hub kì í ṣe irú ibì kan. Àjọṣe tó wà láàárín ibì kan àti ẹni tó ni ọkọ̀ ni. KLM, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú Netherlands, ń gbé èrò láti Amsterdam wá sí Ìkẹjà. Pápákọ̀ Schiphol ní Amsterdam ni KLM fi ṣe ìdí, ibẹ̀ ni ọkọ̀ rẹ̀ ti ń gbéra, ibẹ̀ náà ni wọ́n ń padà sí. Ìkẹjà jẹ́ ibi tí ọkọ̀ rẹ̀ ń balẹ̀ sí. (Schiphol yìí náà ni wọ́n wò kọ́ ilé èrò tí wọ́n ṣí ní Ìkẹjà ní 1979, síbẹ̀ ìjọra ilé kò sọ Ìkẹjà di ti KLM.) Fún ìdí èyí, ọ̀rọ̀ tí a óò lò gbọ́dọ̀ gba ìbéèrè náà, ‘ti ta ni?’ ‘Pápákọ̀’ ni orúkọ ilẹ̀ náà. ‘Ìdíkọ̀’ ni orúkọ àjọṣe náà. Nínú ‘ìdí’ ni ìdílé ti wá, òun náà la ń sọ nígbà tí a bá ní ìdí igi àti ìdí iṣẹ́: ibi tí nǹkan fìdí múlẹ̀ sí. Ìsúnkì tó wà nínú rẹ̀ kò sì yàtọ̀ sí ti pápákọ̀ àti ibùdókọ̀, nítorí náà kò ní ṣàjèjì lẹ́nu ẹnikẹ́ni.

Ẹnì kan nínú yín ti sọ fún mi pé òórùn gáréèjì wà lára ìdíkọ̀, pé ariwo àwọn agbèrò kò yẹ ibi tí bàálù ń balẹ̀. N kò gbà pé ìyẹn jẹ́ àbùkù. Pápá tí ó wà nínú pápákọ̀ kò ju ilẹ̀ gbalasa lọ tẹ́lẹ̀, lónìí kò sí ẹni tó gbọ́ ‘pápákọ̀’ tó ń ronú koríko. Ẹlòmíràn dá ‘oríta òfurufú’ lábàá, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ fún odindi ọjọ́ méjì. Ohun tó mú kí n fi í sílẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ọ̀dọ́mọkùnrin wa gan-an. Nínú ẹgbẹ́ tirẹ̀ kò sí èrò, kò sí ẹrù, kò sí ẹni tó ń pààrọ̀ ọkọ̀. Nígbà tí awakọ̀ tuntun bá forúkọ sílẹ̀, yóò yan ìdíkọ̀ rẹ̀, láti ibẹ̀ ni ìrìn-àjò rẹ̀ àkọ́kọ́ yóò ti bẹ̀rẹ̀. Oríta láìsí ẹni tó ń pàdé kò nítumọ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ìdí ṣì wà nílẹ̀ bí èrò kò bá tilẹ̀ sí. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ṣiṣẹ́ níhà méjèèjì.

Ó ku ‘ayédèrú’. Owó ayédèrú ni a ń sọ, òògùn ayédèrú, ìwé ẹ̀rí ayédèrú. Ète ìtànjẹ wà nínú gbogbo wọn. Àwọn ọmọ wọ̀nyí kò tan ẹnikẹ́ni jẹ, wọn kò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ èrò. Ọ̀pọ̀ wọn ń fò lórí VATSIM, ìkànnì orí íńtánẹ́ẹ̀tì fún àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà wa ọkọ̀ òfurufú, tó ti wà láti 2001, níbi tí àwọn olùyọ̀ǹda-ara-ẹni ti ń ṣe iṣẹ́ adarí ọkọ̀ òfurufú, tí awakọ̀ sì gbọ́dọ̀ gba àṣẹ kí ó tó gbéra bí adarí bá wà lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n mọ̀ pé DNMM ni àmì pápákọ̀ Ìkẹjà láàárín àwọn awakọ̀, bí LOS ṣe wà lára ìwé èrò. ‘Orí afẹ́fẹ́’ tí a ń lò fún rédíò kò tún ṣeé lò, nítorí kò sí ọkọ̀ òfurufú tí kì í wà lórí afẹ́fẹ́. ‘Àfarawé’ ni mo yàn: wọ́n ń fara wé iṣẹ́ gidi tọkàntọkàn. Mo mọ̀ pé àwọn oníṣòwò ń lo ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan náà fún ilé-iṣẹ́ tó ń ta ìwé ìrìn-àjò lórúkọ ara rẹ̀, tó jẹ́ pé ọkọ̀ àti awakọ̀ ẹlòmíràn ló ń gbé èrò rẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe àfarawé rárá. ‘Ilé-iṣẹ́ ọlọ́kọ̀ àyálò’ ni èmi yóò pè é.

Gbólóhùn tí mo fún ọ̀dọ́mọkùnrin náà nìyí: ‘Pápákọ̀ Òfurufú Murtala Muhammed ní Ìkẹjà ni ìdíkọ̀ ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú àfarawé wa, láti ibẹ̀ ni awakọ̀ tuntun yóò ti kọ́kọ́ gbéra.’ Nígbà tó fi ìkéde náà ránṣẹ́ padà sí mi, mo rí i pé ó ti fi ìlà kan kún un fúnra rẹ̀, láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni: ‘Abuja ni ìdíkọ̀ wa kejì.’